Sinimá Ọ̀fẹ́ Ládùúgbò Lórí Hip Hop àti Ìjà Ẹ̀tọ́: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá

Kí lẹ ń pè ní àjọ̀dún fíìmù yìí gan-an?

Alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni, lójú títì tàbí ní pápá ilé ìwé, tí a fi ń wo fíìmù tó dá lórí hip hop àti àwọn èèyàn tó fi orin náà bá ìjọba wí, tí wọ́n fi kó ará ìlú jọ, tàbí tí wọ́n fi gba ara wọn sílẹ̀. Fíìmù ńlá kan ṣoṣo là ń wò lálẹ́ kan. Bó bá ti parí, a ó tan iná, a ó gbé makirofóònù kiri, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Ìjíròrò yẹn la torí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí. Fóònù ti sọ gbogbo wa di ẹni tó ń dá wo fíìmù nínú yàrá. Ẹni tó bá rí ìrẹ́jẹ nínú fíìmù tí kò rí ẹni bá sọ ọ́, inú á kàn bí i, á sì lọ sùn.

Ṣé ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́? Ta ló ń sanwó?

Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí géètì, kò sì sí àga pàtàkì fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́ ló ni àga iwájú. Bí a bá ní ká gba igba náírà péré, ọmọ tó ń kiri omi nínú ọ̀rá, tó jẹ́ pé ìtàn irú rẹ̀ ni fíìmù náà ń sọ, ìta ni yóò dúró sí.

Owó epo, owó àga àti owó sípíkà ló pọ̀ jù nínú ìnáwó. Ẹgbẹ́ àwọn onílé, àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti àwọn ọmọ àdúgbò tó wà lókè òkun ló sábà máa ń dá a. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ á gbé e wá, ẹni tó ń yá èèyàn ní àga á dín owó rẹ̀ kù.

Tí olóṣèlú bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ńkọ́?

Ó lè wá jókòó wo fíìmù bíi gbogbo èèyàn. A kì í gba owó rẹ̀, a kì í gbé àwòrán rẹ̀ kọ́, a kì í sì fún un ní makirofóònù ṣáájú ẹlòmíràn. Fíìmù tó ń sọ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe lé alágbára kúrò lórí oyè kò ṣeé wò lábẹ́ àtíbàbà tí orúkọ alágbára mìíràn wà lára rẹ̀.

Hip hop kẹ̀? Ṣebí orin àríyá ni. Kí ló pa á pọ̀ mọ́ ìṣèlú?

Orin àríyá ni lóòótọ́, inú àríyá ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Cindy Campbell ṣe àríyá ní yàrá ìgbafẹ́ ilé 1520 Sedgwick Avenue, ní Bronx, ní New York, torí ó ń wá owó tí yóò fi ra aṣọ kí ilé ìwé tó wọlé. Sẹ́ńtì 25 ni obìnrin san, ọkùnrin san 50. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Clive, ọmọ ọdún 18 tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí DJ Kool Herc, ló ń fi àwo orin sí i. Ó ti ṣàkíyèsí pé ibi tí ìlù nìkan ti ń dún nínú orin làwọn oníjó máa ń dúró dè, ló bá ń fi àwo méjì tó jọra fa ibi ìlù yẹn gùn kí ijó má bàa tán lẹ́sẹ̀ wọn.

Ẹ wá wo àdúgbò tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Cross Bronx ti la àárín rẹ̀ kọjá, ó sì ti lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé kúrò nílé wọn. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn onílé kan ń dáná sun ilé ara wọn torí owó adójútòfò, bẹ́ẹ̀ ìjọba ìlú náà ń ti àgọ́ panápaná pa torí kò sówó. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní gbọ̀ngàn, tí kò ní owó iná, gbé sípíkà wọn lọ sí pápá ìṣeré. Wọ́n ṣí ìdí òpó iná títì, wọ́n fa wáyà jáde nínú rẹ̀, wọ́n sì fi iná ìjọba ṣeré ọ̀fẹ́ fún gbogbo àdúgbò. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ìṣèlú kankan má jáde lẹ́nu wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n wáyà yẹn ti sọ ọ́ tán. Tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni ìjà ẹ̀tọ́ ti wọ hip hop, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú orin.

Ọ̀rọ̀ ẹnu tẹ̀lé e. Ní 1982, Grandmaster Flash àti the Furious Five kó gbogbo ìdọ̀tí, eku àti gbèsè àdúgbò wọn sínú orin kan, rédíò ò sì lè ṣe kó má gbé e. Ní 1989, Spike Lee tó ń ṣe fíìmù ní kí ẹgbẹ́ rap Public Enemy ṣe orin fún fíìmù rẹ̀, orin náà sì di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ níbi ìwọ́de. Láti ìgbà náà, kò sí kọ́ńtínẹ́ǹtì tí wọn kò ti fi rap, ìyẹn ọ̀rọ̀ hip hop tí wọ́n ń sọ lórí ìlù, bá aláṣẹ wí.

Kí ló wá kan àwa Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé ná. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbò ọdún 1945 kò tíì tutù tí Hubert Ogunde fi gbé e sórí pèpéle, tí àwọn aláwọ̀ funfun sì ń ṣọ́ ọ. Ní 1964, ó ṣe *Yorùbá Ronú*, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn kò rí eré ṣe ní agbègbè náà mọ́ títí di 1966. Akọrin rap Eedris Abdulkareem tí orin rẹ̀ di èèwọ̀ lórí rédíò lásìkò Ọbásanjọ́ ní 2004, tí NBC, àjọ tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tún ní kí wọ́n má gbé òmíràn tó kọ ní 2025, ọ̀nà tí Ogunde ti là sílẹ̀ ló ń tọ̀.

Gbígbé sinimá wá bá aráàlú náà kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà ogun Hitler ni ọkọ̀ ìjọba amúnisìn ti ń gbé sinimá ọ̀fẹ́ kiri ìgboro àti abúlé, aṣọ funfun ni wọ́n ń so kọ́ láti fi wò ó, wọ́n á sì máa kọ́ èèyàn ní ìmọ́tótó. Nígbà tó yá, àwọn òṣèré tiwa, Ogunde àti Adé Love, ń gbé fíìmù fúnra wọn láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń fi hàn ní gbọ̀ngàn àti ilé ìwé, torí ẹ̀dà kò pọ̀ àti torí àwọn tó lè jí i dà kọ. Ẹni tó bá ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún ládùúgbò yín lè rántí. Ẹ bi í, kí ẹ sì fún un ní makirofóònù kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ wa tó wà lókè òkun náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Kúbà làwọn tó dá ẹgbẹ́ rap tó ń jẹ́ Orishas sílẹ̀, àwo orin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1999 sì ní orin tí wọ́n fi ń ké pe Ẹlẹ́gbára àti Ṣàngó. Ní São Paulo, ní Bùràsílì, ẹgbẹ́ rap Racionais MC's gbé àwo jáde ní 1997 lórí ìwà ọlọ́pàá àti ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n Carandiru ní 1992, níbi tí ẹlẹ́wọ̀n 111 kú sí. Kí wọ́n tó sọ ohunkóhun nínú orin àkọ́kọ́ àwo náà, Ògún ni wọ́n kí. "Ogunhê!" Mo ti rí ọkùnrin alágbẹ̀dẹ kan tó gbọ́ ọ láti inú sípíkà wa, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó sì dáhùn kó tó mọ̀ pé èdè Potogí ló tẹ̀lé e.

Irú fíìmù wo la lè rí níbẹ̀?

A kì í wá fíìmù tó lókìkí, èyí tó lè bí ọ̀rọ̀ là ń wá.

Ọ̀kan tí a fẹ́ràn ni èyí tí Rama Thiaw, obìnrin Senegal, ṣe ní 2016 nípa ẹgbẹ́ Y'en a Marre ("ó ti sú wa" ni ìtumọ̀ rẹ̀). Inú oṣù Kìíní 2011 ni àwọn akọrin ẹgbẹ́ rap Keur Gui, ìyẹn Thiat àti Kilifeu, àti àwọn akọ̀ròyìn bíi Fadel Barro dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Dakar, lásìkò tí iná ń lọ ṣáá tí ọ̀rọ̀ náà sì ti sú gbogbo èèyàn. Ààrẹ Abdoulaye Wade fẹ́ yí ìwé òfin padà kó lè rọrùn fún un láti wọlé, àwọn ọ̀dọ́ sì jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún náà títí ó fi fà á padà. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé wọn kò dúró sórí ìwọ́de. Wọ́n ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, wọ́n ń rọ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ní oṣù Kẹta 2012, ìbò ló gbé Wade kúrò. Ẹni tó bá rántí ọ̀rọ̀ sáà kẹta tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní 2006 á mọ ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn fíìmù yìí.

Burkina Faso tẹ̀lé wọn. Akọrin rap Smockey àti Sams'K Le Jah tó ń kọ reggae dá ẹgbẹ́ Le Balai Citoyen sílẹ̀ ní 2013, ìgbálẹ̀ ni àmì wọn. Ní òpin oṣù Kẹwàá 2014, Ààrẹ Blaise Compaoré tó ti lo ọdún 27 lórí oyè sá kúrò nílùú. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ẹ̀ṣọ́ ààrẹ fẹ́ gbàjọba, wọ́n ju rọ́kẹ́ẹ̀tì lu sítúdíò Smockey.

Fíìmù lórí Bobi Wine ti Uganda, tó jáde ní 2023, náà máa ń kó èrò jọ. Orin rẹ̀ kì í ṣe rap gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ àdúgbò tálákà Kamwokya tó dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 2017, tó sì bá Museveni du ipò ààrẹ ní 2021, ìtàn rẹ̀ bá tiwa mu.

Fíìmù *Sonita* ni mo máa ń dábàá pé kí wọ́n fi parí. Rokhsareh Ghaem Maghami ló ṣe é ní 2015, lórí ọmọbìnrin Afghanistan kan tó ń gbé gẹ́gẹ́ bí olùwá-ibi-ìsádi ní Iran. Rap ló fẹ́ máa ṣe, ní ilẹ̀ tí òfin kò ti gbà kí obìnrin dá kọrin ní gbangba. Ìyá rẹ̀ dé láti ilé, ó fẹ́ mú un lọ fún ọkọ ní 9,000 dọ́là, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lè rí owó orí san. Ẹni tó ń ya fíìmù náà ní láti pinnu bóyá kóun kàn máa yà á lọ, àbí kóun sanwó kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó san 2,000 dọ́là. Mi ò tíì rí ìbéèrè tó ń pín èrò sí méjì bí "ṣé ó tọ́ kó san án?" Àwọn ìyá á ní ó tọ́, àwọn akọ̀ròyìn á ní kò tọ́, àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún á sì dákẹ́, kí ọ̀kan nínú wọn tó dìde.

Orin rap kún fún ìsọkúsọ àti ìtàbùkù obìnrin. Ẹ̀yin ṣì ń gbé e lárugẹ?

Òótọ́ lẹ sọ, a kò sì ní bo ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí fíìmù Byron Hurt ti ọdún 2006 fi máa ń wà nínú ètò wa. Ọmọ hip hop ni òun fúnra rẹ̀, ó fẹ́ràn orin náà, ó sì lọ bá àwọn akọrin àtàwọn olówó tó ń gbé àwo jáde, ó bi wọ́n léèrè ìdí tí ìbínú àti obìnrin ìhòòhò fi di gbogbo ọjà wọn. Ẹni tó ń jà fún ẹ̀tọ́ tó sì ń tẹ ẹ̀tọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìjà rẹ̀ kò tíì délé. Nínú gbogbo ìjíròrò wa, ẹni àkọ́kọ́ tí a ń fún ní makirofóònù, obìnrin ni.

Ṣé ọmọdé lè wá?

Fíìmù alẹ́ àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ èyí tí gbogbo ilé lè wò, irú èyí tó dá lórí ijó àti àwọn tó ń ya àwòrán sára ògiri. A máa ń kéde ọjọ́ orí tó yẹ fún ìyókù ṣáájú. Ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ ìwọ́de kì í ṣe ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà ń wò.

Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì kàwé. Kí ni yóò ṣe?

Ẹ mú wọn wá. Ní Kampala, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní àwọn VJ tó ń jókòó ti makirofóònù, tí wọ́n ń fi èdè Luganda túmọ̀ fíìmù bó ṣe ń lọ, tí wọ́n ń fi àwàdà sí i, tí èrò sì máa ń torí wọn wá. Ohun tí a ń ṣe náà nìyẹn. Ẹni tó lẹ́nu Yorùbá dáadáa, bóyá ẹni tó ń kéwì tàbí tó ń ṣe alága ìjókòó, ti wo fíìmù náà ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ọjọ́ tó pé. Ìmọ̀ràn wa ni pé kó má túmọ̀ orin. Kó jẹ́ kí orin dún tán, kó wá sọ kókó rẹ̀ ní gbólóhùn méjì.

Ṣé ẹ ò ní fi eléyìí kó wa sí ọwọ́ ọlọ́pàá?

Mo mọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lekki ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2020 kò tíì kúrò lójú ẹnikẹ́ni, Falz tó jẹ́ akọrin rap sì wà lára àwọn tó ṣíwájú ìwọ́de EndSARS ní Èkó. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, NBC ti ní kí ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Jos san 100,000 náírà torí ó gbé orin rẹ̀.

Nítorí náà, a máa ń kọ lẹ́tà sí baálẹ̀, sí ìjọba ìbílẹ̀ àti sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ wa, a ó kọ orúkọ fíìmù, ọjọ́ àti wákàtí tí a ó parí sí i. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ sì mú un dání lálẹ́ ọjọ́ náà. A kì í kọjá aago mẹ́wàá alẹ́. Wíwo fíìmù kì í ṣe ìwọ́de, ó sì yẹ kí ẹni tó ń darí ètò lè fi sùúrù sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá dé pẹ̀lú ìbọn.

Fíìmù yẹn wà lórí YouTube. Ṣé mi ò lè kàn gbé e sí ojú ògiri?

Rárá, ẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wíwò nínú ilé yín yàtọ̀ sí fífi han gbogbo èèyàn, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọdún 2022 kò sì sọ pé torí ẹ kò gbowó ni kí ẹ má tọrọ àyè. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe fíìmù náà tàbí iléeṣẹ́ tó ń pín in. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú fíìmù yìí fẹ́ kí àwọn aláìní wò ó, wọ́n lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú tí ẹ bá ṣàlàyé ibi tí ẹ wà àti iye èrò tí ẹ ń retí. Ẹ rántí àjọ NFVCB náà. Òfin ọdún 1993 ló gbé e kalẹ̀ láti máa yẹ fíìmù tí a ó fi han gbogbo èèyàn wò, ẹ lọ bá wọn ní ọ́fíìsì tó wà nítòsí yín kí ẹ tó lẹ ìkéde mọ́ ògiri.

Ohun èlò wo la nílò?

Projẹ́kítọ̀ tí agbára ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó 3,000 lumens, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, sípíkà méjì, makirofóònù méjì, àti aṣọ funfun. Tí ẹ bá ní ògiri tí a kùn ní funfun, ó sàn ju aṣọ lọ. Bó bá jẹ́ aṣọ, ẹ rán ìṣẹ́tí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ ki iyanrìn tàbí irin wẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ sí aṣọ tí kò wúwo nísàlẹ̀, ojú akọrin á máa wú, á máa sọ̀ bíi búrẹ́dì nínú omi, àwọn ọmọdé á rẹ́rìn-ín, fíìmù á sì ti bàjẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Ẹ náwó lé ohùn ju àwòrán lọ. Èèyàn lè fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, kò lè fara da orin tí kò yéni. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé, kó jìnnà, kí ẹ fi wáyà gígùn fà á, kí ariwo àti èéfín rẹ̀ má bàa dé ọ̀dọ̀ èrò. Kí fíìmù ti wà lórí kọ̀ǹpútà kí ọjọ́ tó pé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé dátà. Aago méje àbọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á ti ṣú tó.

Àsìkò wo ló dára jù?

Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì. Ẹ máa nu ojú projẹ́kítọ̀ torí eruku ọyẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é ní oṣù Kẹjọ torí ọjọ́ ìbí hip hop, inú gbọ̀ngàn ni kí ẹ ṣe é.

Báwo lẹ ṣe ń darí ìjíròrò tí kì í fi di ìjà?

Ìbéèrè kan péré la ń gbé kalẹ̀, kì í sì í ṣe "kí lẹ rí sí fíìmù náà?" Lẹ́yìn fíìmù ti Senegal, a lè bi wọ́n pé, "Ta ló ń bójú tó gọ́tà tó wà níwájú wa yìí, ìgbà wo la sì rí i kẹ́yìn?" Láti orí gọ́tà ni ọ̀rọ̀ á ti dé orí káńsílọ̀, á dé orí káàdì ìdìbò. Ìṣẹ́jú méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Kò sí pípe ẹ̀yà ẹnikẹ́ni tàbí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ kan bá fẹ́ fi rap dáhùn, tirẹ̀ náà ìṣẹ́jú méjì ni, àwọn tó dára jù tí mo ti gbọ́ níbẹ̀ Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹnì kan máa ń kọ ohun tí a bá fẹnu kò lé lórí sílẹ̀. Bó jẹ́ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ ni, lálẹ́ ọjọ́ náà la ó kọ ọ́, kí èrò tó tú ká, kí àwọn tó wà níbẹ̀ lè fọwọ́ sí i.

Ṣé mo lè ta nǹkan níbẹ̀?

Ẹ lè ta bọ̀ọ̀lì, ẹ̀pà, mọ́ínmọ́ín, omi. Ọtí kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹyín iná bọ̀ọ̀lì kò gbọdọ̀ sún mọ́ aṣọ àti wáyà.

Fóònù ni mo fi ya fíìmù tèmi. Ṣé ẹ lè fi hàn?

A ń fẹ́ ẹ gan-an. Ṣáájú fíìmù ńlá, a máa ń fi àyè ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ fún iṣẹ́ àwọn ọmọ àdúgbò. Ẹ dá fóònù yín dùbúlẹ̀ tí ẹ bá ń yà á, kí ẹ sún mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kí ohùn rẹ̀ lè mọ́. Ẹ gba àṣẹ lẹ́nu gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ hàn, pàápàá bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tàbí onílé ló ń sọ, torí a lè bo ojú rẹ̀ bó bá ń bẹ̀rù. Ẹ kó o sórí flash, kí ẹ mú un wá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ká lè gbọ́ ọ lórí sípíkà tí a ó lò, ká sì jọ tún ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó ṣe.